Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹja Rẹ Tí Kò Jẹun Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ẹja,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú ìjókòó, torí ìyá rẹ sọ fún mi pé iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní ìgboro yẹn, orí àga ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwa náà wà láàyè, a wà ní àlàáfíà, èékánná kì í dùn wá, bí a bá yọ orúnkún ìyá rẹ sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó náà, kí o sì ti jẹun kí o tó ṣí i, torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Bí o bá ti ń pe fóònù mi láti ọjọ́ Ẹtì, tí obìnrin inú fóònù yẹn ń sọ fún ọ pé a ò sí, má dá a lóhùn. A wà. Obìnrin yẹn ò mọ ilé wa, kò débí rí, kí ló fẹ́ fi mọ̀ bóyá a wà tàbí a ò sí? Fóònù ló wẹ̀. Màá sọ bó ṣe wẹ̀ tí mo bá débẹ̀, mi ò fẹ́ fo ohunkóhun, torí a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ìwọ lo lẹja, ìwọ ló yẹ kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí pé nígbà tí o fẹ́ máa lọ, ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, o gbé ẹja rẹ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹja tó ní ẹ̀dọ̀fóró, tó ń yọrí síta mí bí èèyàn. O gbé àpótí gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, láàárín jígí ńlá àti bẹ́ǹṣì tí àwọn tó fẹ́ gé irun ń jókòó sí, o ní kí n bá ọ tọ́jú Alàgbà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Àmọ́ bí mo ṣe ń wo ojú wọn láràárọ̀, bí wọ́n ṣe rọra ń rìn, bí wọ́n ṣe ń yọjú gba atẹ́gùn tí wọ́n á sì padà sísàlẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà, mo rí i pé orúkọ yẹn yẹ wọ́n. Ẹnu mi ò sì gbà á kí n máa pe alàgbà ní ìwọ, ìdí nìyí tí mo fi ń pè wọ́n ní wọn nínú lẹ́tà yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n o. Má rò pé wọ́n ti bímọ.

Kí n tó dé orí àìsàn, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún bí o ṣe ń máàkì iṣẹ́ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ sí ọ lórí fóònù, ì báà jẹ́ pé òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò, ì báà jẹ́ pé ìyá rẹ kí ọ, ì báà jẹ́ pé báwo lara, gbogbo rẹ̀ lo ń fún ní àmì pé mo gbà á, méjì-méjì, aláwọ̀ búlúù. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ẹyọ kan ni tíṣà wa ń fún mi, ìyẹn bí ó bá ti jẹun. Mo ti fi fóònù náà han gbogbo oníbàárà pé ọmọ mi ń máàkì mi, mi ò sì tíì kùnà ọ̀kan rí. Ohun kan tí kò yé mi ni pé o kì í kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ní bóyá ẹni tó bá gbà á kì í gba àlàyé, ẹni tó bá ṣì í ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Ní ti ìpè, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, bí oṣù bá ń parí lọ, àwa á sì ti wẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan. Mo ju ekòló sí Alàgbà láàárọ̀, wọ́n wò ó. Mo ju èyí tó sanra ju ìyẹn lọ, wọ́n wo èmi. Mo bu oúnjẹ oníkóró tí o rà sílẹ̀ sí i, wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Ní ọ̀sán wọ́n kọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n tún kọ̀. Mo kọ ọ́ sí ọ lórí fóònù pé Alàgbà kò jẹun mọ́. Háà! Àmì méjì yẹn ò tíì gbẹ tí fóònù fi dún, ìwọ ni! O pè ní ìdájí ọjọ́ kejì, o pè ní ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, o pè láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ bí oògùn. Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹtí kó tó gbé fóònù sétí, ó ní ọmọ lè máa wò wá láti inú ihò kékeré ara rẹ̀. A sì ń du fóònù mọ́ ara wa lọ́wọ́, àwa méjèèjì tí a ti dàgbà tó báyìí.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, inú mi bàjẹ́ nítorí ẹja, inú mi sì dùn nítorí ìpè, àwọn méjèèjì jókòó pa pọ̀ sínú mi wọn ò bá ara wọn jà. Ẹ̀rù méjì ló sì ń bà mí. Ẹ̀rù kan ni pé kí Alàgbà má lọ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkejì ni pé, bí wọ́n bá kú, kí lo tún fẹ́ máa torí rẹ̀ pè wá?

Nítorí náà mo dìde sí i. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Mo pa ekòló dà, mo pa omi dà, mo pa rédíò kí ariwo má bàa dí wọn lọ́wọ́, mo tún tàn án bóyá wọ́n fẹ́ràn ìròyìn. Wọn ò dáhùn. Tíṣà ló wá dámọ̀ràn. O mọ Tíṣà, ẹgbẹ́ mi, tó ti fẹ̀yìn tì, tí orí rẹ̀ pá kanlẹ̀ bí àwo, tó sì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù agérun lójoojúmọ́ ayé. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn lágbára ju ẹnì kan lọ. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ̀wé sára páálí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí gíláàsì: ALÀGBÀ KÒ JẸUN. Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ BÁ WA BẸ̀ WỌ́N. Ọmọ mi, èèyàn wọlé! Ẹni tí kò fẹ́ gé irun wọlé. Wọ́n ń tẹ̀ ba síwájú àpótí, wọ́n ń pẹ̀tù, wọ́n ń sọ fún Alàgbà pé kí wọ́n mú sùúrù, kí wọ́n má fi ti ayé ṣe. Àmọ́ bí mo bá ti gbé oúnjẹ dé, Alàgbà á tún kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá rẹ ní ó ti tó, ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Mo kọ́kọ́ yà sí báǹkì. Mo ki káàdì tí o ṣe fún mi bọ ẹnu ẹ̀rọ ara ògiri yẹn, mo kí i, kò dáhùn, ó kàn ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo ṣí fìlà, mo fi bo ibi tí wọ́n ń tẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, débi pé èmi alára ò rí i mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn. Ó ní mo ṣì í. Inú mi dùn pé àṣírí náà bò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì mo gba abẹ́ fìlà yọjú díẹ̀, ó bá gbà. Nígbà tó sanwó tán, ó tún béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́. O ò rí ọmọlúàbí! Mo ní rárá, ó ti tó, kó bá mi kí àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń kùn, àmọ́ mi ò lè torí ìkánjú tiwọn kí n má dá ẹni tó ṣe mí lóore lóhùn.

Inú korobá ni mo gbé Alàgbà sí, mo fi ìdérí oníhò dé e. Níbi tí a ti ń dúró, ajá kan wà níbẹ̀, ológbò kan wà nínú agbọ̀n, ewúrẹ́ kan sì wà tó ti jẹ ìwé ẹni tó ṣáájú wa. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ ẹranko, mo kọ Alàgbà. Akọ ni tàbí abo, mo kọ ọ́ pé nítorí ọ̀wọ̀, mi ò wo ibẹ̀. Àwọ̀ irun ara. Ọmọ mi, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gé irun, mo mọ irun. Mo ṣí korobá, mo yẹ̀ wọ́n wò láti orí dé ìrù, mo wá kọ ọ́ pé kò tíì hù. Ṣé ó máa ń géni jẹ, mo kọ ọ́ pé rárá o, ìwà wọn dára. Ẹni tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ nọ́ńbà rẹ. Ohun tí ẹni náà jẹ́ sí ẹranko, mo kọ ìyá. Ó wá kan ohun tí èmi tí mo gbé e wá jẹ́ sí i, mo kọ bàbá àgbà, mo sì fọwọ́ sí i. Obìnrin tó gba fọ́ọ̀mù náà kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

Dókítà náà lè jẹ́ àbúrò rẹ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, àmọ́ ọmọ yìí ki ọwọ́ bọ omi, ó rọra tẹ ikùn Alàgbà, ó sì mọ̀. Ó ní kò sí àìsàn kankan níbẹ̀, pé ẹja yìí yó ni. Ó ní bí òun bá gbé irú ikùn yìí kiri, òun náà á kọ oúnjẹ. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé ta ló ń fún un lóúnjẹ. Mo ní èmi nìkan ni o, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lóòjọ́, bó ṣe tọ́ sí àgbàlagbà. Ó ní irú ẹja yìí, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ ti tó o, pé bí omi bá tiẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára, ó lè wọ inú ẹrẹ̀ lọ sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Ó wá ní oúnjẹ tèmi nìkan sì kọ́ ló wà níkùn náà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kí n lọ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi.

Agérun kì í bojú wẹ̀yìn, jígí ló ń bá a ṣọ́ ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì, mo ń gé irun awakọ̀ kan tó fẹ́ ya fọ́tò sára ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, mo gbójú sókè wo jígí. Tíṣà ni mo rí! Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ búrẹ́dì nínú àpò, ó já a sínú omi, Alàgbà sì gbé e mì bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́! Tíṣà ò tíì jókòó tán tí aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa fi wọlé bí ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ owó, ó fọ́ bisikíìtì sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kò burú. Ìgbà tí mo tún máa wò, ìyá rẹ ni, ìyá rẹ tí mo fi owó mi gbé níyàwó, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú abọ́ ekòló, ó ń yọ́ rìn.

Ibi tí mo ti ń wo jígí ni ẹ̀rọ ìgérun ti la ọ̀nà láti iwájú orí awakọ̀ yẹn dé ìpàkọ́ rẹ̀, ọ̀nà gbòòrò tí ọkọ̀ méjì lè pàdé lórí rẹ̀. Mo rò pé awakọ̀ á mọyì ọ̀nà. Kò mọyì rẹ̀. Mo fá gbogbo orí náà kanlẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, òun àti Tíṣà wá jọ bí ìbejì, àfi pé ọ̀kan ń bínú.

Mo pe gbogbo wọn jọ. Tíṣà ní ojú máa ń ti òun pé òun ń jókòó sí bẹ́ǹṣì mi lójoojúmọ́, òun ò ní irun tí òun lè gé, ni òun ṣe ń san owó ìjókòó fún Alàgbà ní búrẹ́dì, láti oṣù tí o ti lọ. Aránṣọ ní òun ò lè ka irú ìwé yẹn kí òun kọjá lásán, òun lọ́mọ. Ìyá rẹ ní òun ò fẹ́ kí ọmọ pè kí àwa tún sọ pé kò sí àyípadà. Wọ́n wá béèrè pé èmi ńkọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo ní mo jẹ̀bi. Gbogbo wa ni a fi ìfẹ́ dí Alàgbà lọ́fun. A yọ ìwé àkọ́kọ́ kúrò, a lẹ òmíràn mọ́ ọn pé ALÀGBÀ TI YÓ, ẸNI TÓ BÁ FÚN WỌN NÍ NǸKAN, A Ó FÁ ORÍ RẸ̀. Gbogbo ayé bẹ̀rù àfi Tíṣà tí kò ní ohun tó lè pàdánù, òun la gbé ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ibí ni mo ti ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi, jọ̀ọ́ dárí jì mí. Láti ọjọ́ yẹn, bí o bá pè tí o béèrè pé ṣé wọ́n ti jẹun, mo ń dáhùn pé rárá, wọn ò jẹun. Òótọ́ ni, wọn ò jẹun. Àwa ni a ò fún wọn. Apá ti dókítà ni mo kàn ń fò. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, o máa yọ̀, o máa dúpẹ́, a ó sì tún máa wẹ̀ de ìparí oṣù.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. O pè nírọ̀lẹ́, o ní kí n gbé fóònù sún mọ́ omi, kí ìwọ fúnra rẹ bẹ̀ wọ́n. O pe orúkọ wọn. Alàgbà gbọ́! Wọ́n gòkè wá, mo rò pé atẹ́gùn ni wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n yanu, gàù, wọ́n gé igun fóònù mọ́lẹ̀! Mo fà á, wọ́n fà á. Ìwọ ń pariwo nínú rẹ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi lò ń bá wí ni tàbí àwọn. Ó já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ohùn rẹ lọ sísàlẹ̀ omi, bùlùbùlù, ìyá rẹ figbe ta pé ọmọ òun ń mumi. Tíṣà dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe pé wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ti ń jẹun! A jó, ọmọ mi. Oníbàárà tí mo gé irun rẹ̀ dé ìdajì jó pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Mo ju ekòló kan sí wọn, wọ́n gbé e mì, mo ju ìkejì, wọ́n gbé e mì, bí mo ṣe fẹ́ ju ìkẹta ni ìyá rẹ gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Ní ti ohun tí mo kọ sí fọ́ọ̀mù pé wọn kì í géni jẹ, ó ṣì dúró bẹ́ẹ̀, fóònù kì í ṣe èèyàn.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe rí ojú eyín lára rẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣe é. Mo ní ẹja kan tó ti kọ oúnjẹ ló jẹ ẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó já bọ́. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá bá ohùn rẹ nínú rẹ̀, kó bá mi rọra sá a gbẹ.

Nítorí náà, Alàgbà ti jẹun, ara wọn le koko, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni báyìí. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n ṣì ń fi ẹnu tọ́ oúnjẹ wò lásán ni, mo ní rárá, màá kọ òtítọ́, mo sì ti kọ ọ́. Jọ̀ọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè pààrọ̀ ojú fóònù náà, kí o sì fi owó káàdì fóònù kún un kí n lè máa gbọ́ ìpè rẹ. Ìyá rẹ ní ẹni tí wọ́n ń pè kì í san nǹkan kan, àmọ́ mi ò fẹ́ ká máa fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́. Bí kò bá sí, má yá owó, a ó gé irun sí i.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó rẹ àti ní ìdìde rẹ. O ò ní fi ọwọ́ rẹ pa ohun tí o fẹ́ràn. Ibi tí o bá wọ̀, wọ́n á fi ọ̀yàyà gbà ọ́. A ò ní fi òkú ọ̀fọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ náà ò sì ní fi ránṣẹ́ sí wa. Oúnjẹ á máa dùn lẹ́nu rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, agérun, bàbá àgbà Alàgbà.

Ìyá rẹ ò mọ̀ pé mo fi èyí kún un. Láti ọjọ́ Ẹtì tí fóònù ti wọ omi, ó ń gbé oúnjẹ síwájú, ó ń wò ó, ó ń gbé e kúrò. Mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti kọ nọ́ńbà aránṣọ sẹ́yìn àpò lẹ́tà yìí. Bí o bá pè, jọ̀ọ́, ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ béèrè, kó tó kan ẹja.